Orúkọ Wa Nínú Ìwé Olùdìbò

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn òbí àti àwọn ọ̀dọ́ níbi ìpàdé ẹbí, ní ìpínlẹ̀ Texas

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n mú ìfura kan kúrò lọ́kàn yín. N kò wá síbí láti sọ ẹni tí ẹ máa dìbò fún. Ẹni tó bá wù yín ni kí ẹ dìbò fún. Àárín ẹ̀yin àti ẹ̀rí ọkàn yín nìyẹn. Ohun tó gbé mi wá ni bí òfin ṣe lè mú kí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti dìbò tò sórí ìlà fún wákàtí méjì, kó dé iwájú tábìlì, kí wọ́n sì sọ fún un pé orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo ọmọ Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ó kan àwa tí a ti òkè òkun wá, tí a búra di ọmọ onílùú, ní ọ̀nà kan tí kò kan àwọn tí wọ́n bí síbí. Orí ọ̀nà yẹn ni màá dúró sí jù.

Òfin tó ń dí ìbò lọ́wọ́ kì í ṣe àjèjì sí ìran wa. Ní 1922, nígbà tí Gómìnà Clifford gbé òfin ìjọba tuntun kalẹ̀ fún Nàìjíríà, wọ́n ní kí Èkó àti Calabar máa dìbò yan aṣojú mẹ́rin, mẹ́ta láti Èkó, ẹyọ kan láti Calabar. Inú àwọn èèyàn dùn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin nìkan ni wọ́n fún láàyè, ọkùnrin náà sì gbọ́dọ̀ máa rí 100 pọ́n-ùn lọ́dún. Ìyá tó ń ta aṣọ lọ́jà, ì báà lówó ju gbogbo àwọn akọ̀wé ìjọba lọ, kò lè dìbò. Káfíńtà kò lè dìbò. Herbert Macaulay fúnra rẹ̀, ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ipò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti Èkó ní 1923, kò lè du ipò, torí pé ilé ẹjọ́ ti dá a lẹ́bi rí. Ẹ kíyè sí i pé wọn kò kọ ọ́ síbì kankan pé kí aláìní má dìbò. Iye owó ni wọ́n kọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe é ní Amẹ́ríkà, ó kàn le ju tiwa lọ ni. Òfin ti 1870 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ torí àwọ̀ ara du èèyàn ní ìbò. Àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù gbọ́, wọ́n sì wá nǹkan mìíràn tí kò dárúkọ àwọ̀. Mississippi bẹ̀rẹ̀ ní 1890: san owó orí dọ́là méjì, kí o sì ka apá kan nínú ìwé òfin, tàbí kí o ṣàlàyé rẹ̀ títí yóò fi tẹ́ akọ̀wé lọ́rùn. Akọ̀wé náà, aláwọ̀ funfun ni, òun ló sì máa sọ bóyá àlàyé náà tẹ́ òun lọ́rùn. Louisiana tẹ̀ lé e ní 1898. Wọ́n ní ẹni tí bàbá rẹ̀ tàbí bàbá àgbà rẹ̀ bá ti lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò ní ọjọ́ kìíní oṣù January 1867 kò ní ìdánwò í ṣe. Ọmọ ta ni bàbá rẹ̀ lè dìbò ní 1867 ní Louisiana? Ó dájú pé kì í ṣe ọmọ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ lóko ẹrú. Àwọn aláwọ̀ dúdú tí orúkọ wọn wà nínú ìwé olùdìbò Louisiana lé ní 130,000 ní 1896. Nígbà tó di 1904, 1,342 ló kù.

Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìwé ni wọ́n ń fi dínà, kì í ṣe ẹnu.

Ẹ̀jẹ̀ ló tún ọ̀nà náà ṣí. Jimmie Lee Jackson, díákónì ìjọ Baptist ní Marion, Alabama, ọmọ ọdún 26, ti gbìyànjú lọ́pọ̀ ìgbà láti forúkọ sílẹ̀. Ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ yìnbọn fún un ní oṣù February 1965, ó sì kú. Ikú rẹ̀ ló fa ìrìn Selma. Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ 7 oṣù March. Àwọn èèyàn bí 600 gbéra láti ṣọ́ọ̀ṣì Brown Chapel, wọ́n gun afárá Edmund Pettus, àwọn ọlọ́pàá sì fi kóńdó àti tíágáàsì pàdé wọn. Ní ọjọ́ 6 oṣù August ọdún náà, Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí òfin ẹ̀tọ́ ìdìbò. Ní Mississippi, nínú 100 aláwọ̀ dúdú tó dàgbà tó láti dìbò, kò pé 7 tí orúkọ wọn wà nínú ìwé kí òfin náà tó dé. Ní 1967 wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 60.

Ààrẹ yìí kan náà, nínú ọdún kan náà, ní ọjọ́ 3 oṣù October, ló fọwọ́ sí òfin ìwọ̀lú tuntun. Òfin àtijọ́ ń fojú rere wo àwọn ará Yúróòpù kan, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ ará Áfíríkà pátápátá. Òfin 1965 ló ṣí i. Èmi kò lè ya òfin méjèèjì sọ́tọ̀. Ìjà tí àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ yìí jà wà nínú ìdí tí àwa fi rí físà gbà. Nítorí náà, bí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan nínú wa ń sọ pé ọ̀rọ̀ ìbò jẹ́ ti "àwọn wọ̀nyẹn", tó sì tún pè wọ́n ní orúkọ burúkú tí a ń lò nínú ilé wa, tí n kò ní í dá lórí pẹpẹ yìí, ó máa ń dùn mí. Gbèsè ọpẹ́ wà lọ́rùn wa.

Ó dára. Òfin ẹ̀tọ́ ìdìbò yẹn ní eyín kan. Ìpínlẹ̀ tó bá ti hùwà burúkú rí kò lè yí òfin ìdìbò rẹ̀ padà láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ gba àṣẹ ní Washington. Texas wọ abẹ́ rẹ̀ ní 1975. Ní ọjọ́ 25 oṣù June 2013, nínú ẹjọ́ tí Shelby County ní Alabama pè, adájọ́ márùn-ún borí mẹ́rin ní ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ, wọ́n ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń mọ irú ìpínlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti gbó jù. Eyín náà yọ. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Texas kéde pé òfin káàdì onífọ́tò tó ṣe ní 2011, èyí tí wọ́n ti dá dúró, yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láìsẹ́ǹsì ìbọn tó ẹ̀rí láti fi dìbò. Káàdì yunifásítì, títí kan ti ìjọba ìpínlẹ̀ náà fúnra rẹ̀, kò tó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin ni mò ń bá wí: káàdì ilé-ìwé yín kò lè gbé yín dé ibi tí ìbọn máa gbé ẹlòmíràn dé. Wọ́n dẹ òfin náà díẹ̀ ní 2017 lẹ́yìn ẹjọ́ gígùn, débi pé ẹni tí kò bá rí káàdì gbà, tó sì ní ìdí gidi, lè buwọ́ lu ìwé kan kó sì mú ìwé owó iná tàbí irú rẹ̀ wá.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká dé ilé ara wa.

Ní ọjọ́ 25 oṣù January 2019, ọ́fíìsì tó ń rí sí ìdìbò ní ìpínlẹ̀ Texas kéde pé àwọn ti rí èèyàn bí 95,000 nínú ìwé olùdìbò tí wọn kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, àti pé bí 58,000 nínú wọn ti dìbò rí. Ìròyìn gbé e káàkiri. Ààrẹ orílẹ̀-èdè tún un sọ. Wọ́n fi orúkọ náà ránṣẹ́ sí àwọn kaúńtì, kí wọ́n máa kọ lẹ́tà sí wọn: mú ẹ̀rí wá láàárín ọjọ́ 30 pé ọmọ Amẹ́ríkà ni ọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó yọ orúkọ rẹ.

Báwo ni wọ́n ṣe rí orúkọ wọ̀nyẹn? Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ibí yìí, torí ìtàn ọ̀pọ̀ nínú wa ni. Ká ní arábìnrin kan dé láti Ìbàdàn, ó gba green card, ó lọ gba láìsẹ́ǹsì ọkọ̀. Ó fi green card hàn níbẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà pé kì í ṣe ọmọ onílùú. Òótọ́ ni wọ́n kọ. Láìsẹ́ǹsì ọdún mẹ́fà ni wọ́n fún un. Ní ọdún kejì, ó búra, ó di ọmọ Amẹ́ríkà. Níbi ìbúra náà gan-an ni wọ́n ti fún un ní fọ́ọ̀mù, ó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, inú rẹ̀ dùn, a sì jọ jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù níjọ́ náà. Láìsẹ́ǹsì rẹ̀ ṣì ku ọdún mẹ́rin. Òfin kò ní kó padà lọ sọ fún àwọn tó ń ṣe láìsẹ́ǹsì pé ipò òun ti yí padà, kò sì lọ. Nígbà tí kọ̀ǹpútà ìdìbò bá pàdé kọ̀ǹpútà láìsẹ́ǹsì, ohun tí yóò sọ ni pé àlejò ló ń dìbò. Bẹ́ẹ̀, ọmọ onílé ni.

Ẹ ò rí i pé ẹni tó ṣe ohun gbogbo létòlétò ló kó sínú páńpẹ́ yẹn? Ẹni tí wọ́n bí ní Dallas kò lè kó sínú rẹ̀ láéláé.

Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìpínlẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ń pe àwọn kaúńtì pé bí 25,000 nínú orúkọ náà kò yẹ kó wà níbẹ̀. Ní kaúńtì Harris, ìyẹn Houston, níbi tí àwọn Yorùbá pọ̀ sí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lórúkọ tí wọ́n ní kí wọ́n yọ kúrò lójú ẹsẹ̀. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn gba ilé ẹjọ́ lọ. Adájọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní San Antonio dá iṣẹ́ náà dúró ní oṣù February, ó sì sọ pé kò fi bẹ́ẹ̀ rí ẹ̀rí pé irú jìbìtì bẹ́ẹ̀ gbilẹ̀. Nígbà tó fi di òpin oṣù April, ìpínlẹ̀ gbà láti fa ìwé náà padà, ó sì san 450,000 dọ́là fún àwọn agbẹjọ́rò tó pè é lẹ́jọ́. Nínú oṣù May, ọ̀gá ọ́fíìsì náà fi ipò sílẹ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé, ó ti parí nìyẹn. Kò parí. Ní 2024, Alabama kó orúkọ 3,251 jọ lọ́nà tó jọ ti Texas. Nígbà tí ẹjọ́ dé, ó hàn pé ó lé ní 2,000 nínú wọn tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò, adájọ́ sì dá a dúró ní oṣù October, torí òfin àpapọ̀ ti 1993 kò fàyè gba yíyọ orúkọ lọ́pọ̀ yanturu bí ìdìbò àpapọ̀ bá ku 90 ọjọ́. Virginia náà yọ èèyàn bí 1,600. Àwọn adájọ́ kékeré ní kí wọ́n dá wọn padà, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sì ní kí Virginia máa bá a lọ. Ní October 2025, Texas tún kéde 2,724 orúkọ mìíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, ètò ìwádìí ti ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n lò, èyí tí wọ́n ti so mọ́ ìwé Social Security. Iye náà kéré sí ti 2019 gan-an, mo gbà. Síbẹ̀, àwọn kaúńtì kan tún rí ọmọ onílùú láàárín àwọn orúkọ náà, àwọn tí wọ́n ti fi ẹ̀rí wọn han àwọn tó ń ṣe láìsẹ́ǹsì tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá ti búra, tí kò sì tíì padà lọ sí ọ́fíìsì Social Security láti sọ fún wọn, kó lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò lọ, torí pé owó ń wọlé, iṣẹ́ ń lọ, kí la fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Ohun tí ẹ fẹ́ lọ ṣe nìyí o. Ẹ mú ìwé ìbúra tàbí páásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà dání. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe láìsẹ́ǹsì, ẹ má dúró de ọjọ́ tí yóò kú. Bí lẹ́tà bá sì ti ọ́fíìsì ìdìbò wá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jù ú sáàárín ìwé ìpolówó. Mo mọ bí àpótí lẹ́tà wa ṣe ń rí. Lẹ́tà yẹn kì í ṣe bíńtín, ọjọ́ 30 ló ní.

Àwọn ọmọ wa ńkọ́? Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn mí jù nìyí, torí àwọn òbí kì í sábà mọ̀. Bí bàbá tàbí ìyá bá búra di ọmọ Amẹ́ríkà kí ọmọ tó pé ọdún 18, tí ọmọ náà ti ní green card, tó sì ń gbé lábẹ́ àṣẹ òbí yẹn nílẹ̀ yìí, ọmọ náà di ọmọ Amẹ́ríkà lọ́jọ́ kan náà. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2000, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 27 oṣù February 2001, ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà kò búra, kò lọ síbì kankan, kò sì sẹ́ni tó fún un ní ìwé. Green card ọjọ́sí ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀. Ó pé ọdún 16, ó fi green card yẹn gba láìsẹ́ǹsì. Ó pé 18, ó forúkọ sílẹ̀ ní yunifásítì láti dìbò. Lójú kọ̀ǹpútà, àlejò ni. Lójú òfin, ọmọ onílùú ni. Bí lẹ́tà bá dé, ilé yín ni yóò dé, ọmọ yóò sì wà ní ilé-ìwé ní Austin. Kí ẹ gba páásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló rọrùn jù, owó rẹ̀ sì kéré púpọ̀ sí ti fọ́ọ̀mù N-600. Ẹ gbà á kó tó kúrò nílé.

Ọ̀rọ̀ orúkọ náà wà níbẹ̀. Àwọn àgbà ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ní ilẹ̀ yìí ó lè di ìdènà ọmọ. Ní Georgia, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2017 ní kí ohun tó wà lórí fọ́ọ̀mù ìdìbò bá ohun tó wà nínú ìwé láìsẹ́ǹsì tàbí ti Social Security mu pátápátá. Bí àmì kékeré tó so orúkọ méjì pọ̀ bá wà níbì kan tí kò sí níbì kejì, bí lẹ́tà kan bá fò, wọ́n á fi fọ́ọ̀mù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tó di oṣù October 2018, nǹkan bí 53,000 fọ́ọ̀mù ló wà ní ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn oníròyìn sì rí i pé bí 70 nínú 100 jẹ́ ti aláwọ̀ dúdú. Wọ́n dẹ òfin náà ní 2019. Ṣùgbọ́n ẹ ro orúkọ tiwa wò. Ẹni tó ń jẹ́ Olúwafúnmiláyọ̀ lórí ìwé ìbúra, tí àyè kò gbà tán lórí láìsẹ́ǹsì, tó ń jẹ́ Funmi níbi iṣẹ́, tó tún fi orúkọ bàbá rẹ̀ mọ́ ti ọkọ rẹ̀: èèyàn mélòó nìyẹn lójú kọ̀ǹpútà? Orúkọ tó bá wà lórí páásípọ́ọ̀tù yín, òun gan-an ni kí ẹ kọ síbi gbogbo.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ òru, mi ò gbàgbé yín. Ní October 2020, kaúńtì Harris ṣí ibùdó ìdìbò mẹ́jọ láti òru mọ́jú, kí ẹni tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ní aago mẹ́ta lè dìbò kó tó lọ sùn. Wọ́n tún jẹ́ kí àwọn èèyàn dìbò láti inú mọ́tò. Òfin tí Gómìnà Abbott fọwọ́ sí ní ọjọ́ 7 oṣù September 2021 fòpin sí méjèèjì. Ìdìbò kò gbọ́dọ̀ kọjá aago mẹ́wàá alẹ́ mọ́. Mi ò rí jìbìtì kankan tí wọ́n sọ pé nọ́ọ̀sì kan ṣe ní aago mẹ́ta òru. Òfin yẹn kan náà ló kan àwọn ìyá wa tí wọ́n ti lé ní 65, tí wọ́n ń fi lẹ́tà dìbò. Ó ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà láìsẹ́ǹsì tàbí ìparí nọ́ńbà Social Security sára àpòòwé, kó sì bá èyí tó wà nínú ìwé mu. Ní ìdìbò abẹ́lé oṣù March 2022, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n lò ó fún gbogbo ìpínlẹ̀, ó lé ní 24,000 ìbò tí wọ́n dànù, nǹkan bí ẹyọ kan nínú mẹ́jọ. Ẹ bá Màmá kọ nọ́ńbà méjèèjì, kì í ṣe ẹyọ kan. Bí Màmá bá sì fẹ́ lọ fúnra rẹ̀, tí kò lè ka Gẹ̀ẹ́sì, òfin 1965 gbà á láàyè láti mú ẹni tó bá wù ú dání, ọmọ rẹ̀ tàbí ọmọ ìjọ, yàtọ̀ sí ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ tàbí aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ẹni náà yóò búra, yóò sì kọ orúkọ rẹ̀. Káàdì Màmá tó ti kú ńkọ́? Bó bá ti pé ẹni 70 ọdún, wọ́n á gbà á, bó ti wù kó ti pẹ́ tó.

Ti Georgia tí gbogbo yín gbọ́, ti omi, mi ò ní í pẹ́ lórí rẹ̀. Òfin oṣù March 2021 ló ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi omi tàbí oúnjẹ ta ẹni tó wà lórí ìlà lọ́rẹ. Ní 2023 adájọ́ kan dín ibi tí òfin náà dé kù. Ohun tí èmi rántí jù ni pé ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé wá fẹ́ gé dídìbò lọ́jọ́ Ìsinmi kù, ọjọ́ tí àwọn ìjọ aláwọ̀ dúdú máa ń fi bọ́ọ̀sì kó ọmọ ìjọ lọ dìbò lẹ́yìn ìsìn. Àwọn ìjọ pariwo. Nígbà tí òfin náà jáde, ọjọ́ Ìsinmi méjì ṣì wà nínú rẹ̀ fún kaúńtì tó bá fẹ́.

Bàbá kan bi mí nígbà tí mo ń múra ọ̀rọ̀ yìí: ṣé kò wá yẹ kí wọ́n yẹ ìwé wò ni? Ṣé kí àlejò máa dìbò ni? Ìbéèrè tó dára ni. Èmi náà gbà pé ọmọ onílùú nìkan ló yẹ kó dìbò, ohun tí òfin àpapọ̀ sì sọ nìyẹn. Ká kàn wo iye tó ń ná wa. Kansas ní láti 2013 ẹni tó bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ mú ìwé ẹ̀rí ìbí tàbí páásípọ́ọ̀tù wá. Nígbà tí ẹjọ́ parí ní 2018, adájọ́ rí i pé òfin náà ti dí àwọn tó lé ní 31,000 lọ́wọ́, àwọn tó sì pọ̀ jù nínú wọn ló jẹ́ ọmọ onílùú. Àlejò tí wọ́n rí tó wọ inú ìwé olùdìbò Kansas láàárín ọdún 19? Mọ́kàndínlógójì. Ilé ẹjọ́ fagi lé òfin náà, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì fọwọ́ sí i ní 2020. Síbẹ̀, ní July 2024 àti ní April 2025, ilé aṣojú-ṣòfin ní Washington dìbò gbà pé kí irú rẹ̀ kan gbogbo orílẹ̀-èdè. Obìnrin tí orúkọ ọkọ rẹ̀ kò bá orúkọ ìwé ìbí rẹ̀ mu, kó máa ronú.

Mo wá ní ìkìlọ̀ kan tó le, torí ìfẹ́ ni. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà lórí green card, àti ẹ̀yin tí ẹ wá kàwé, ẹ má forúkọ sílẹ̀. Ì báà jẹ́ ẹni tó ń ṣe láìsẹ́ǹsì fún yín ló bi yín pé ṣé ẹ fẹ́ forúkọ sílẹ̀, ẹ sọ pé rárá. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni lábẹ́ òfin, wọ́n lè torí rẹ̀ lé èèyàn kúrò nílùú, kódà bó bá jẹ́ àìmọ̀. Fọ́ọ̀mù N-400 máa ń béèrè bóyá ẹ ti forúkọ sílẹ̀ tàbí dìbò rí. Ẹ fi sùúrù dúró de àkókò yín.

Ẹ̀yin tí àkókò yín ti dé, ẹ wo Pọ́ọ̀lù nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 22. Wọ́n ti dè é mọ́lẹ̀ láti nà án kó tó bi wọ́n bóyá ó tọ́ láti na ọmọ Róòmù láìgbẹ́jọ́. Ọ̀gágun sáré wá, ó ní owó ńlá lòun fi di ọmọ Róòmù ní tòun. Èmi rò pé ọ̀gágun yẹn ló jọ wá jù. Ẹni tó bá san owó N-400 láìpẹ́ yìí yóò yé. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ní Fílípì, lẹ́yìn tí wọ́n ti na Pọ́ọ̀lù tán ló sọ pé ọmọ Róòmù lòun. Ní Jerúsálẹ́mù, ó sọ ọ́ kí pàṣán tó balẹ̀. Bí ẹ bá dé ibùdó ìdìbò tí wọ́n ní orúkọ yín kò sí, ẹ má padà sílé. Ẹ béèrè ìwé tí wọ́n ń pè ní provisional ballot. Òfin àpapọ̀ ti 2002 ní kí wọ́n fún yín. Ẹ dìbò lórí rẹ̀, wọn yóò yà á sọ́tọ̀ títí wọn yóò fi yẹ ẹ̀tọ́ yín wò, ẹ sì béèrè ọjọ́ tí ẹ ní láti mú ẹ̀rí wá, nítorí ọjọ́ díẹ̀ ni.

Ó ku iṣẹ́ kan. Ní Texas, ẹ kò lè gba fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará ìjọ kí ẹ lọ fi í sílẹ̀ fún wọn, àfi bí kaúńtì bá ti fún yín láṣẹ. Wọ́n máa ń kọ́ èèyàn, wọ́n á sì fún un ní ìwé àṣẹ, ó sì ń kú ní ìparí ọdún gbogbo tí ìdìbò àpapọ̀ bá wáyé. Kaúńtì kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. A nílò ẹni mẹ́fà, ó kéré tán, méjì nínú wọn kí wọ́n jẹ́ ọ̀dọ́, kí wọ́n gba àṣẹ yẹn fún kaúńtì tí ìjọ wa wà. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Àwọn tó bá fẹ́ ká bá wọn wo orúkọ wọn lórí kọ̀ǹpútà lónìí, ẹ mú láìsẹ́ǹsì tàbí páásípọ́ọ̀tù yín dání, kí ẹ tò sápá ọ̀tún, àwọn ìyá àgbà ni kí ẹ jẹ́ kó ṣíwájú.